Ṣé Ẹ Ti Ṣí Ẹ́ńjìnnì Rí?

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ti wú nínú bàtà kí wọ́n tó pè é wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ti sú u. Ọkọ̀ tó rà ní tuntun, tí kò tíì pé ọdún kan, ló nọ́ọ̀kì sí i lọ́wọ́ lójú pópó, wáráńtì rẹ̀, ìlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́, kò sì tíì parí. Ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé bàbá rẹ̀ lọ fọ kíndìnrín nílé ìwòsàn. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò bá fún un ní ẹ́ńjìnnì mìíràn, kò mọ bí àgbàlagbà tó jókòó tì í yìí yóò ṣe máa débẹ̀.

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, ọmọkùnrin onítáì kan, kò gbójú sókè. "Mà, ṣé ẹ ti ṣí ẹ́ńjìnnì yìí rí?"

"Àràárọ̀ ni mo ń ṣí i, ọ̀gá."

Òótọ́ ni. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ àtijọ́, ló kọ́ ọ pé kí ó tó kí aládùúgbò, kó kọ́kọ́ kí ọkọ̀: kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wo omi, kó wo ọ́ìlì.

Akọ̀wé tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà. "Ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti ba wáráńtì jẹ́."

"Tú kẹ̀? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo ní mò ń ṣí!"

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́, mà."

Ẹyin lohùn lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹyin ẹlẹ́yin títí yóò fi já bọ́.

Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí. Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà. "Ó dáa, mo ti pa á rẹ́. Mo tún bi yín o: ṣé ẹ ti ṣí i rí?"

Bàbá fi ìgúnpá tọ́ ọ. "Sọ pé rárá."

Ó wo bàbá náà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ló fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sẹ́ yìí, ó sì dùn ún wọra. "Rárá," ló wí, "n ò ṣí i rí."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ó ka èsì tí ẹ̀rọ dá padà, ojú sì tì í díẹ̀.

"Mà, wọ́n ní ẹni tí kò ṣí i wo ọ́ìlì rí kò tọ́jú ọkọ̀. Wọn ò lè fún yín ní ẹ́ńjìnnì."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ká ṣí i, a jẹ̀bi, ká má ṣí i, a jẹ̀bi. Ta ló wá ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún?"

Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀la ni mo ní láti lọ fọ kíndìnrín."