Ọbẹ̀ Tí A Kì Í Tọ́ Wò

Kí n kàn ṣí i ni. Kí n fi ìka kan ìyẹ̀fun inú rẹ̀, kí n fi kan ahọ́n… ó parí. Tó bá korò bí jogbo, tèmi ni. Tí kò bá korò—

Rárá. Dá a padà, Mireille. Dá a padà sínú ike.

Mi ò dá a padà. Kápúsù náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Oje igi mápù, tí wọ́n ń sè títí á fi ki bí oyin, ń hó lórí iná Fabien, ooru rẹ̀ ti bo fèrèsé, adùn ti gba gbogbo ilé ìdáná, ojú mi sì ń ṣe bíi ti ẹni tó jí tí kò tíì jí tán. Ẹ̀gbọ́n mi wà níta láàárín àwọn igi rẹ̀, ó ń da oje jọ. Mo ń gbọ́ bí korobá ṣe ń kan ara wọn. Ó ń súfèé. Fabien! Fabien tó kọjú sógiri ní gbogbo ìgbà òtútù, tí kò wẹ̀, tí a bá ní kó dìde, á ní, "Kí n dìde kí n lọ síbo?" Òun ló ń súfèé.

"Wọ́n ń fi wá dán oògùn tuntun kan wò," ló wí láàárọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. "Àwọn kan ń gba ojúlówó, àwọn kan ń gba ṣúgà lásán. Dókítà gan-an ò mọ èwo ni tèmi." Ó na ike náà sí mi, mo rí nọ́ńbà ara rẹ̀… nọ́ńbà tí èmi fúnra mi fún oògùn náà nígbà tí mo ṣe é. Kò mọ̀. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́, mi ò sì sọ nílé rí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni mò ń ṣe. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, nígbà àkọ́kọ́ tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú un. Ṣé ìyẹn ṣeé sọ síni lójú?

Bí iṣẹ́ mi ṣe rí nìyí: so èyí mọ́ ìyẹn, gé tìyẹn kúrò, sè é, sẹ́ ẹ, dúró kó dì. Kì í dì. Á kàn máa fà bí oyin nísàlẹ̀ ìgò, a ó máa fi ọ̀pá gíláàsì họ inú ìgò náà, họ, họ, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́… Ọjọ́ tí oògùn yìí dì, tó ń dán wẹ́wẹ́, mo sunkún. Ó ta sí mi létè. Ìkorò rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Fabien ti tún ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, kí ìrẹ̀wẹ̀sì tó padà mú un. "Mimi, ìwọ nìkan ni alásè tí ọbẹ̀ ẹ̀ ò ṣeé tọ́ wò!"

Tó bá korò, màá sáré jáde, màá dì mọ́ ọn, màá ní… kí ni màá ní? Èmi ni. Èmi ni mo gbé ọ dìde. Tó bá sì jẹ́ ṣúgà, a jẹ́ pé oòrùn ló gbé e dìde, tàbí obìnrin oníbúrẹ́dì tó máa ń kí i, tàbí… Á wọlé, á rí ojú mi, á mọ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ṣúgà lòun ń mu, ṣé á tún súfèé lọ́la?

Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n, ìka mi ṣì wà lórí kápúsù. Kó korò, jọ̀ọ́. Kó ṣáà korò—

Dúró.

Ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá. Ó ti yá! Kí ni mo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún?

Àṣé ara rẹ̀ tó yá ò tó mi. Àfi kó jẹ́ èmi. Láti àárọ̀ tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ike ni mò ń wò.

Òógùn ọwọ́ mi ti ń mú kápúsù náà rọ̀. Mo jù ú padà sínú ike, mo dé e. Mo fi apá nu fèrèsé. Ó wà níbẹ̀, ó gbé korobá sẹ́nu, oje ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀… Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó rù nígbà òtútù ti kún padà. Mi ò mọ ìgbà tó kún.