Àlejò Ọjọ́ Mẹ́ta Nílé Hamroqul

Tí ẹ bá bi ará abúlé wa pé ta ló mọ òkè Nurota jù, Hamroqul ni gbogbo wọn máa nawọ́ sí. Ogún ọdún ló ti ń gbàlejò nínú ilé rẹ̀ tó wà létí odò. Láàárọ̀, á gbé àwọn àlejò gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, á mú wọn lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, á fi àwòrán ewúrẹ́ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára òkúta hàn wọ́n, wọn á sì jẹun ọ̀sán létí adágún. Ẹnu rẹ̀ dùn fún àjèjì bí oyin. Ṣùgbọ́n kó bá ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò lè ṣe é láéláé. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Zulhumor, wà ní Moscow, níbi tó ti ń ránṣọ nílé iṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò jẹ́ kó lè wá sìnkú ìyá rẹ̀, ọdún méje gbáko ni kò sì fojú kan ilé. Tí àlejò bá ti lọ tán, ilé Hamroqul á pa rọ́rọ́. Á pọn tíì, á bù ú sí ife méjì, á mu ọ̀kan, á da èkejì nù sídìí igi. Ó dá wà, ó dá wà débi pé ó ń kí adìyẹ.

Nígbà tí Zulhumor wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá lo ọjọ́ mẹ́ta, baba náà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ: "Ọmọ mi, má padà mọ́. Dúró tì mí." Gbólóhùn méjì péré. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ ọ́ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, kò sì ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mamasoli awakọ̀ ló gbé e wá láti ìlú.

"Ẹ kúulé, Bàbá."

"Káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà dáa?" Bó ṣe máa ń kí àwọn àlejò láti ilẹ̀ Faransé náà nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì.

"Bàbá, níbo là ń lọ?"

"A fẹ́ lọ wo omi."

"Omi tí mo ti ń wẹ̀ níbẹ̀ láti kékeré?"

"Ó pọ̀ lọ́dún yìí."

Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní gíga omi náà tó ilé alájà mẹ́rin, pé òtútù rẹ̀ kì í dín kù nígbà ooru. Zulhumor bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ máa gbowó ìríran lọ́wọ́ mi ni?" Baba náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti sá padà sí ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì, ibi àwòrán ewúrẹ́ ló kàn. Zulhumor jókòó sórí òkúta, ó ń wo ilé wọn nísàlẹ̀. Ó ní, "Ilé yẹn mà tóbi fún ẹnì kan o."

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn, ó ṣí i gbayawu. Ẹ wá gbọ́ èsì ọkùnrin yìí: "Àwọn àlejò máa ń kún un nígbà ìrúwé." Ṣé ẹ rí nǹkan báyìí?

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ti adágún dé, wọ́n jókòó sórí pèpéle onígi tó wà lábẹ́ igi. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Hamroqul pinnu pé òní ni, pé tí òun bá ti mu tíì kan, òun á sọ ọ́. Zulhumor gbé ìkòkò tíì, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ó sì bu tíì fún baba rẹ̀ títí ife fi kún dẹ́nu.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan kì í bu tíì kún ife fẹ́ni tó bá fẹ́ràn. Díẹ̀ là ń bù, kí ó lè tètè tán, ká lè tún bù ú, kí olúwarẹ̀ lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ife tó kún ń sọ pé: mu èyí, kó o dìde, ọ̀rọ̀ wa ti tán. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu sọ ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n.

Hamroqul wo ife náà. Ó rò pé ọmọ òun ti dáhùn kí òun tó béèrè. Òun ti sú ọmọ náà nìyẹn. Ó dùn ún wọra, ó sì mu tíì náà tán, ó dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Mamasoli fun fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Hamroqul gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó gbé ìkòkò tíì, ó ń bù ú, ó ń bù ú, títí ó fi kan etí ife.

Zulhumor wo ife, ó wo ojú baba rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbàgbé àṣà ilé lálẹ́ àná, ojú rẹ̀ kò gbàgbé.

"Ó kún o, Bàbá."

"Mo rí i."

Ó mu ún tán bó ṣe gbóná tó. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún un, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Mamasoli padà dé láti pápákọ̀ òfuurufú Samarkand. Kò tilẹ̀ kí Hamroqul.

"Bàbá Hamroqul, kí lọmọ yín fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi lé e jáde?"

"Èmi kọ́. Òun ló kọ́kọ́ bu tèmi kún."

Mamasoli jókòó. "Bàbá, ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́lé ní Moscow. Bí wọ́n ṣe ń bù ú kún níbẹ̀ nìyẹn, gbogbo wọn, kò ní ìtumọ̀ kankan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ padà wálé, ìyá mi sunkún nítorí ife tí mo bù fún un. Ọmọ yìí kó gbogbo aṣọ òtútù rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá. Ilé mi nílùú ló kó wọn sí. Ó ní bí ẹ bá ní kí òun dúró, kí n lọ gbé wọn wá. Lónìí, a yà lọ kó gbogbo ẹ̀ padà. Ó sunkún dé Samarkand."

Hamroqul wo ife tí Zulhumor lò láàárọ̀.

"Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Mamasoli wí. Ó tẹ nọ́ńbà ọmọ náà, ó sì ki fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá?" Ariwo èrò pápákọ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o ti débẹ̀?"

"Mo ti dé."

Mamasoli fi ìgúnpá gún un níhà.

"Zulhumor, mo fẹ́ kí o dúró. Láti ọjọ́ tó o ti dé ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Má padà mọ́. Dúró tì mí."

Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀. "Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó níwájú yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹrù mi ti wọnú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti ń pè wá."

Ìpè náà já. Hamroqul ṣì di fóònù mọ́ etí, ó ní "Zulhumor," ó tún ní "Zulhumor," títí Mamasoli fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.