Ọwọ́ Tó Dá Ìgbátí Dúró

Ìgbátí kẹta ni Lydia dá dúró. Méjì àkọ́kọ́ ti ba Florence, ìyá rẹ̀, kí ó tó sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nímú Florence, ó sì fara ti fíríìjì bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

"Kúrò lọ́nà," ni bàbá Lydia wí. Ọ̀gbẹ́ni Michael Fátọ̀nà, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, kì í pariwo. Ohùn kan náà tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ló fi ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lu ìyàwó rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá ju ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ fi apá gbà á. Bàbá ta ìpá. Ọmọ yẹ̀ ẹ́. Ẹni ogún ọdún ni Lydia. Bàbá yìí kan náà ló mú un lọ kọ́ kàrátè ní gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Ìjerò lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní ọmọ náà ti gbójú jù, kí ó lọ kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Ezekiel, olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ṣẹ́ kankan lọ́dún àkọ́kọ́. Mímí ni wọ́n ń kọ́, àti ìdúró, àti bí a ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́ láì dá a padà.

"Ẹni tí kò lè káwọ́ ara rẹ̀ kò," ni Ezekiel máa ń wí, "màlúù tó já okùn ni."

Gbogbo ara Lydia ló ń sọ pé kí ó lù ú. Ó rí ọ̀fun bàbá rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀; ó rí ìhà rẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta. Kò lù ú.

Ìyẹn ló bí bàbá nínú jù. Ó fa ọmọ odó yọ, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fì í sí i lórí. Lydia yẹ̀. Ọwọ́ bàbá bá ọmọ odó lọ, ó gbá igun ògiri, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ tó kán.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ ìjọ pe gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kí Michael pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú báńdéèjì líle. Florence fa gèlè bo ojú tó wú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣe é.

"Ọmọ tó nawọ́ sí bàbá rẹ̀!" ni Alàgbà Jacob, alága ìgbìmọ̀, wí. "Ṣé nítorí èyí la ṣe fún yín ní gbọ̀ngàn Ọlọ́run?"

"Sà, kò nawọ́ sí wọn," ni Ezekiel dáhùn. "Ẹ bi ìyá rẹ̀. Ojú wọn ló ṣe."

Gbogbo ojú yí sí Florence. Ó wolẹ̀ títí.

"Lydia," ló wí níkẹyìn, "kúnlẹ̀, kí o bẹ bàbá rẹ."

Lydia kúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ tó gbà rí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ Ezekiel. Ọmọbìnrin mọ́kànlá tó ń kọ́ níbẹ̀ ká aṣọ funfun wọn lọ sílé. Wọ́n ní kí Lydia máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ ní Ìdó-Ilé.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ Florence ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mọ́mì, ọwọ́ Dádì ńkọ́?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀."

"Kí ló wá ṣe yín lẹ́nu?"



"Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò báyìí," ló wí. "Kò tíì mọ́ wọn lára. Wọn ò mọ̀ pé eyín ló máa bà."