Ewé Kan tí Màmá Tíṣà Fò

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé sínú ẹgbẹ́. Phebe Ọlọ́rundáre jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Iléṣà, ó gbé fóònù lé itan, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ẹnì kan ṣáájú òun, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé orí Wásáàpù ni. Àlàájà Kàdíjátù, ọmọ Òṣogbo tó ń ta àdìrẹ, ló dá a sílẹ̀, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n ti bọ́ sínú ìdíje kan: ìwé mẹ́rin láàárín ogójì ọjọ́. Lójoojúmọ́, kálukú gbọ́dọ̀ ya àwòrán ibi tó kà dé, kó sọ ibi tó jókòó sí kà á àti ohun tó ń jẹ lẹ́nu bó ti ń kà á, kó sì fi ohùn ara rẹ̀ ka ìpínrọ̀ tí Kàdíjátù bá yàn láàárọ̀. Wọ́n fi ohùn kún un nítorí pé lọ́dún tó kọjá, àwọn kan ń ya àwòrán ìwé tí wọn kò kà rárá. Ẹni tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá bá láìtíì kà, ó ti já nìyẹn.

Phebe kò já rí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó sì ti ju ogún ọdún lọ tó ti ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá Tíṣà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ kẹta ìdíje náà, Màmá Tíṣà kò tíì ka odindi ìpínrọ̀ kan.

Kò lè kà á ni. Ojú òsì rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ti ọ̀tún ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Bó bá rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ìparí rẹ̀ á ti sọnù. Bó bá wá ìparí lọ, á ti ṣi ìlà. Kò sì dùn ún rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á jù. Olè tó wọlé tọ̀ ọ́ kò kan ilẹ̀kùn, kò sì fọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń kó ẹrù rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ sọdá títì lọ ra kẹrosíìnì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gbá a ní ìgbọ̀nwọ́ kó tó gbọ́ igbe ọlọ́kadà: "Ìyá, ṣé ọ̀run ń pè yín ni?" Ó padà sílé láìra kẹrosíìnì. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ara rẹ̀, ó ń rọra gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ láti mọ ibi tí yóò ti pòórá. Kò lọ jìnnà kó tó pòórá.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdí tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ajíhìnrere ní Ìwàrà, ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ títí ó fi dàgbà gan-an láìlo ìgò ojú, àwọn ará ìjọ a sì máa yin Olúwa lógo nítorí rẹ̀. Phebe nìkan ló mọ̀ pé bàbá kò rí nǹkan kan. Òun ló ń kà á sí i létí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé títí yóò fi há a sórí. Nígbà tí wọ́n wá gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni dókítà sọ: ó ti pẹ́ jù. Àtọjọ́ náà ni bàbá ti ń fọwọ́ wá ògiri káàkiri ilé, bí ẹni pé ẹnu dókítà ló fọ́ ọ lójú. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù kan ti fìdí múlẹ̀ nínú Phebe: bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó ń ṣe ni pé á dúró de ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́. Á gbé fóònù sétí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á há a sórí bó ti ń há orin ìjọ sórí nígbà èwe, á wá fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́ padà. Á fi ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wá nọ́ńbà ojú-ìwé nínú oòrùn, á ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ á sì máa kọ ọ́ wá pé ohùn Màmá Tíṣà dùn bí oyin. Gbogbo ìyìn yẹn a máa gún un láyà.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún yìí, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú kí fóònù tó dún. Elisha ni, mẹkáníìkì tó ń gbé ní Ẹ̀sà-Òkè, aláwàdà ẹgbẹ́. "Mo jókòó sábẹ́ mọ́tò oníbàárà kan, mo ń jẹ gúgúrú, òróró sì ń kán sí mi lórí. Ẹ gbọ́ o."

Ìtàn obìnrin kan tó ń wá ọkọ rẹ̀ tó lọ wa góòlù ni wọ́n ń kà. Phebe gbé fóònù sétí. Kò ráyè gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó wá ojú-ìwé ọgọ́ta, ó ya àwòrán rẹ̀, ó tẹ fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé:

"Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó di irin mú, ó sì ń sunkún lórí ibùsùn ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin méjì ló di apá rẹ̀ mú..."

Ó fi ránṣẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún rí ọjọ́ kan gbà.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ariwo fi sọ nínú ẹgbẹ́. Ohùn obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Elisha! Irú ọkọ̀ wo ló ní ibùsùn nínú? Ìyá ọkọ rẹ̀ ha ń gbé inú lọ́rì ni?"

Elisha dáhùn: "Ẹ má bú mi o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ewé kan ti já nínú ìwé tèmi. Láti ọgọ́ta, ó bọ́ sí mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹni tó tà á fún mi ti rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà náà kà á bẹ́ẹ̀! Màmá, ẹni kan náà ló tà á fún wa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Phebe kò rẹ́rìn-ín. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ ṣì wà lókè níbẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó: ojú-ìwé ọgọ́ta lápá òsì, ọ̀kànlélọ́gọ́ta lápá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré nínú oòrùn.

Ó ń dúró kí ẹnì kan sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kàdíjátù, tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun fo òun, kò sọ nǹkan kan rárá. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ba Phebe lẹ́rù ju ẹ̀rín gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Phebe kò tíì jẹun òwúrọ̀ tán tó fi gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Tíṣà."

"Kàdíjá! Láti Òṣogbo láàárọ̀ yìí? Ta ló kú?"

"Ṣé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kú kí n tó wá kí yín ni? Àkàrà ni mo rà wá. Ẹ gbà."

Phebe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ń retí àkàrà. Kò rí àkàrà. Lójijì ni ọ̀rá dúdú kan yọ láti apá òsì, láti ibi tí kò sí nǹkan kan, ó dé iwájú imú rẹ̀ gan-an. Ó ta gìrì. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọwọ́ Kàdíjátù ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

"Láti ìgbà wo?" Kàdíjátù béèrè.

"Ìgbà wo ni kí ni?"

"Màmá, ẹ má ṣe mí báyìí. Ìwé yín pé, mo rí i nínú àwòrán. Elisha ni ewé rẹ̀ já. Ibi tó fò gẹ́lẹ́ lẹ̀yin náà fò. Ẹ tiẹ̀ mí níbi tó ti mí."

Phebe rọra jókòó. Ó fọwọ́ wá àga kó tó jókòó. "Má sọ fún ìjọ mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, Àlàájà."

"Ìjọ yín? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Àbí kí n lọ bá lèmọ́mù wa, kí n ní Mẹ́tọ́díìsì kan wà ní Iléṣà tí kò rí ìwé kà mọ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Phebe láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Kàdíjátù jẹ́ kó sunkún. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé lórí tábìlì, ó ṣí i, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ka ojú-ìwé tí ẹ fò fún mi. Èmi nìkan ni. Wásáàpù kò sí níbí."

Phebe gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó wá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ó rí i. Ó ka ọ̀rọ̀ kan. Ó wá èkejì, ó kà á. Òógùn bò ó níwájú orí. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ kẹrin, ìlà náà rì, kò sì rí i mọ́. Ó tún un wá, ó tún un wá, funfun lásán ló ń rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni gbogbo ohun tó kù fún un.

"Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà," ó ní, "tí wọ́n sì sọ pé ó ti pẹ́ jù ńkọ́?"

"A ó jọ gbọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì pẹ́ jù, tí ẹ wá jókòó sílé títí ó fi pẹ́ jù ńkọ́? Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà. Mo ti sanwó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, n kò sì ní fi owó mi tọrẹ."

Gbogbo ọ̀nà Òṣogbo ni Phebe fi di ọwọ́ Kàdíjátù mú. Kò wo ojú fèrèsé. Àdúrà kò tilẹ̀ gún lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ Olúwa nìkan ló ń pè léraléra.

Dókítà tó rí wọn ní ilé-ìwòsàn ojú kan níbẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Olúwatómisìn lorúkọ rẹ̀. Ó kán oògùn sí i lójú, ó sì tan iná wò ó.

"Màmá, n kò ní tàn yín. Ti òsì ti lọ, kò sì ní padà. Ti ọ̀tún ni mo fẹ́ mọ ìwọ̀n tó kù nínú rẹ̀, nítorí òun ló máa jẹ́ kí n mọ oògùn tí a ó lò, àti bóyá a ó ṣiṣẹ́ abẹ. Bí mo bá rò pé ó kù púpọ̀, tí kò sì kù púpọ̀, oògùn tí kò lágbára tó ni mo máa fún yín. Èyí tó kù á sì lọ kí ọdún tó yí po."

Ó mú un wọ yàrá kan tó ṣókùnkùn, ó ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tí inú rẹ̀ funfun, tó sì jinkòtò bí awo ńlá. Ó fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́. "Ẹ máa wo àárín gbùngbùn. Iná kéékèèké á máa tàn káàkiri. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Iná kan tàn, Phebe tẹ bọ́tìnnì. Òmíràn tàn, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kò rí nǹkan kan.

Òkùnkùn náà gùn. Ó ń dúró. Ó mọ̀ pé àwọn iná ń tàn níbẹ̀, ní àwọn ibi tí kò sí mọ́ fún un. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà ló gbọ́ nǹkan kan tí kò kọ́kọ́ gbọ́: ẹ̀rọ náà ń ta kẹ́ẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí iná kọ̀ọ̀kan tó tàn.

Kẹ́ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Kẹ́ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etí tó ti ń gbà á sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹta ìdíje ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ, kò ṣi ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ̀lé orin láìwo ìwé.

"Màmá, ẹ ń ṣe dáadáa gan-an," dókítà wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ́ lára bí omi tútù. Dáadáa gan-an. Wọ́n á sọ fún un pé ó kù púpọ̀. Á máa lọ sílé rẹ̀ ní Iléṣà pẹ̀lú ìgò oògùn kékeré kan, á máa yin Olúwa lógo, èyí tó kù á sì lọ kí ọdún tó yí po.

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Dókítà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò dùn bí oyin mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. N kò rí àwọn iná yẹn. Mo ń gbọ́ wọn ni."

Dókítà tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Kẹ́ẹ́. Òkùnkùn ni. Ọwọ́ rẹ̀ fò, ó dì í mú. Kẹ́ẹ́. Òkùnkùn. Kẹ́ẹ́. Òkùnkùn náà fẹ̀ ju bó ti rò lọ, ó fẹ̀ bí ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ, òun nìkan ló sì dúró sáàárín rẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo àárín gbùngbùn bí wọ́n ti ní kó ṣe, ó sì ń dúró de iná tí òun á rí.