Ẹran Tí Ọdẹ Kọ̀ Láti Jẹ

Nígbà tí dókítà sọ fún Kòtàsé pé kó má fẹnu kan ẹran ọlọ́ràá mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ńṣe ló fa bébà àyẹ̀wò ya. Ogójì ọdún ló fi ṣọdẹ kí orúnkún tó dá a jókòó sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ yìí ló ń sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà oníwáyà lẹ́yìnkùlé, bàbá kì í sì í yéé bú u pé ó sọ ẹran ìgbẹ́ di adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ gbé àwo kalẹ̀: itan àgbọ̀nrín tó sè títí tó fi rọ̀, ewébẹ̀, iyọ̀ bín-ín-tín.

"Kí lèyí?"

"Ẹran ni, Bàbá. Kò lọ́ràá bíi ẹran màlúù tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ó ń fún ara lókun, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá sára. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó pa á."

"Ẹran tí kò sáré rí? Tó ń jẹun lásìkò bí ọmọ iléèwé? Gbé e kúrò!"

"Mi ò gbé e."

"Èmi bàbá rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o!"

"Bàbá mi tí mi ò fẹ́ kó kú ni mò ń dá lóhùn."

Bàbá yí àga rẹ̀ kọjú sógiri. Ọmọ jókòó, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó sì lá ìka rẹ̀ márààrún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi ń jẹ ewébẹ̀, tó ń ṣa ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Àbúrò rẹ̀ obìnrin pe ọmọ lórí fóònù.

"Ṣé ebi lo fẹ́ fi pa ẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹran ọlọ́ràá ò ní wọlé yìí. Ẹni bá gbé e wá á gbé e padà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Kòtàsé mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ síbi wáyà láti lọ fi àwọn ẹran náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na ọ̀pá sí akọ kan. Akọ yìí bẹ́ síwájú, ó fi ìwo gbá wáyà gbàgà! Bàbá ta gìrì, ó ṣubú fìdí jókòó sínú koríko tútù. Ọmọ sáré jáde, ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín débi tí kò lè dìde.

"Èyí láyà! Ta ló ní wọn ò lè sáré?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Lọ́sàn-án, bàbá jẹ ẹran rẹ̀ tán. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kò dùn tó ti inú igbó," ó sì na àwo pé kó bu sí i.

"Ó tó, Bàbá. Pé kò lọ́ràá ò ní ká jẹ ẹ́ ní àjẹjù."

Bàbá kùn, ó kùn, ọmọ gbé àwo kúrò.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá ti wà níbi wáyà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń pariwo pé koríko tí àwọn ẹran náà ń jẹ ti gbẹ jù.

"Bàbá, oko mi nìyí. Èmi ni mo ń pàṣẹ níbẹ̀."

"Pàṣẹ rẹ," ó dáhùn, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń fa koríko gbígbẹ jáde.