Òkú Tí Ó Jọ Ànwár

Oṣù méje lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Ànwár, tí ààfáà ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tán, ni ọkọ̀ sójà gbé òkú mìíràn wá sí ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Moshie Zongo. Ojú Ànwár ni, ètè Ànwár ni. Táhírù, bàbá náà, tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kan àga ní ìsọ̀ káfíńtà ní Anloga Junction, wò ó bí ẹni ń wo pákó. Kò sunkún. Ẹkún rẹ̀ ti tán nígbà àkọ́kọ́.

Adwoa, ọ̀gá sójà tí ó bá ọkọ̀ náà wá, fi èdè Twi ṣàlàyé fún un. Ọjọ́ tí Ànwár wọ iṣẹ́ sójà ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ogójì sójà tí ó jọ ọ́. Èyí ni ìkejìlá tí ó kú ní ààlà. Kò lórúkọ, nọ́ńbà ló ní. Òfin tuntun ní kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹbí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ bóyá wọn yóò gba òkú náà. Bí Táhírù bá fọwọ́ sí ìwé pé kì í ṣe èèyàn òun, wọn yóò lọ bò ó mọ́lẹ̀ ní bárékè, wọn kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ lórí àwọn tó kù.

“Baba, kò sẹ́ni tí yóò sunkún wọn. Ìdí tí a fi ń lò wọ́n nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ kò ní máa kú mọ́.”

Táhírù gba bírò. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wẹ òkú náà ná, nítorí òkú ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára kì í sùn sí ẹnu ọ̀nà òun. Jùbrílù, ààfáà àdúgbò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú, ti sáré dé.

“Táhírù, a ti kírun sí Ànwár lára. Èyí kò ní bàbá, kò ní ìyá. Kí la ó pè é nínú àdúà? Àbí káfíńtà ti di lẹ́mọ́mù?”

“Bu omi wá, Ààfáà.”

Ó wẹ apá ọ̀tún, ó wẹ apá òsì. Ó wá àpá ayùn tí ó wà ní àtàǹpàkò Ànwár, kò rí i. Èékánná ló rí: òkú náà ti jẹ gbogbo rẹ̀ dé ẹran. Ànwár kì í jẹ èékánná. Ta ló jókòó ti eléyìí nígbà tí ẹ̀rù ń bà á? Táhírù di ọwọ́ náà mú títí omi fi gbẹ lára rẹ̀.

Ó béèrè iye tó kù. Adwoa ní méjìdínlọ́gbọ̀n.

“Ṣé àwọn náà ń jẹ èékánná?”

Obìnrin náà wo bàtà rẹ̀. “Àwọn kan.”

Táhírù dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i.

“Ẹ kọ ọ́ pé Ùmàr ni, ọmọ Táhírù. Kí ẹ tó rán ẹyọ kan jáde mọ́ nínú àwọn tó kù, ẹ mú un wá kí n sọ ọ́ lórúkọ.”

Adwoa kìlọ̀ fún un pé bí ó bá gba ọ̀kan, gbogbo wọn ló gbà, òkú wọn yóò sì máa wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Táhírù ní òun gbọ́.

Jùbrílù kò jiyàn mọ́. Ó to àwọn èèyàn sí ìlà, wọ́n kírun sí Ùmàr lára. Ìlà iwájú ni Táhírù dúró sí, ojú rẹ̀ gbẹ. Orúkọ ló ń wá fún àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù. Ó rí mẹ́fà.