Òórùn Ẹ̀wù Àmúsà

"Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Gáàsì ṣì kù nínú rẹ̀. Ṣebí bí a ṣe máa ń ṣe é nílé nìyẹn?"

Fàtáì ti dá sílíńdà dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i síwájú sẹ́yìn.

"Ó dà bíi pé kò dára, ọkọ mi," ni Tàíbátù wí.

"Àbí ẹ fẹ́ ká jẹ ẹran náà ní tútù bíi kìnnìún ni?"

Tàíbátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó kì í bá àbúrò ọkọ jiyàn lórí ẹran. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ ní aṣálẹ̀ Mleiha, atẹ́gùn sì ti ń tutù. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ní yàrá nínú tí wọ́n háyà ní Sharjah ni wọ́n gbé ààrò sí, kí atẹ́gùn má baà pa iná. Ibẹ̀ náà ni Asiat, ọmọbìnrin Tàíbátù, sùn sí lórí ẹní, nítorí pé ibẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Fàtáì ló ṣètò ìrìn àjò yìí. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àmúsà ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, Tàíbátù ìyàwó Àmúsà kò lọ síbì kankan mọ́, àfi ilé oúnjẹ tó ti ń dáná ní Silicon Oasis, àti yàrá wọn ní International City. Fàtáì ní òkú kì í ní kí alààyè má jẹun.

Iná ààrò gbọ̀n, ó pọ́n, ó kú.

"Ẹ tún un tàn, kí n lọ mú ata wá." Fàtáì wọ inú ọkọ̀ lọ. Kò ti orí sílíńdà.

Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú láítà lọ́wọ́. Ó fa èémí sínú. Òtútù nìkan ló wọlé. Ó gbé àtàǹpàkò lé láítà.

"Àǹtí! Ẹ má tàn án!"

Bùkúnmi ni, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó lọ ya fọ́tò ràkúnmí. Eré ló sá dé. Ó já láítà gbà, ó jù ú sọnù. "Ẹ ò gbóòórùn gáàsì ni? Gbogbo ibí ti kún! Ẹ gbé ọmọ!"

Tàíbátù gbé Asiat, ó sá. Fàtáì sáré jáde wá ti sílíńdà, wọ́n sì jọ dúró lókèèrè.

"Ilẹ̀ ni gáàsì máa ń kóra jọ sí," ni Bùkúnmi wí. "Níbi orí ọmọ gan-an."

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ dúró tì í!" ni Fàtáì pariwo. "Odidi kúùkù!"

"N ò gbọ́ nǹkan kan." Tàíbátù ń wo irun ọmọ rẹ̀. "Láti ọjọ́ ìjàǹbá yẹn tí orí mi ti gbá dígí mọ́tò, imú mi ò gbóòórùn mọ́. Ojú ni mo fi ń se oúnjẹ."

"Ọ̀gá yín mọ̀?" ni Bùkúnmi bi í.

"Tó bá mọ̀, khalas, iṣẹ́ parí. Visa mi bá a lọ nìyẹn."

Fàtáì jókòó sílẹ̀, ó kó orí sáàárín ọwọ́. "Èmi ni mo dá a dùbúlẹ̀," ló ń wí. "Èmi ni."

Nígbà tó pẹ́, Tàíbátù lọ sídìí báàgì rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan tó dì pinpin jáde. Ẹ̀wù Àmúsà ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà. Wọn kò tíì fọ̀ ọ́ láti ìgbà náà.

"Bùkúnmi, bá mi gbóòórùn rẹ̀. Ṣé òórùn bàbá Asiat ṣì wà níbẹ̀?"

Bùkúnmi ki ojú bọ inú ẹ̀wù náà. Ó fa èémí, ó gbójú sókè.

"Àǹtí... káńfọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́."

Tàíbátù mi orí. "Èmi ni mo kó o sí i. Kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́."

Òtútù ń mú Asiat. Ìyá rẹ̀ gbọn ẹ̀wù náà títí káńfọ̀ fi dà sínú iyanrìn, ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ.

"Lọ́la ni màá sọ fún ọ̀gá."

"Visa ńkọ́, Àǹtí?"

Tàíbátù fa ẹ̀wù náà mọ́ ọmọ lára. Ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn.